Ibùjókòó Èérún Mẹ́táàlì àti Ọ̀nà Tí Ethanol Ń Tọ̀

Ethanol ni ọtí tó wà nínú ẹmu, nínú ògùrọ̀ àti nínú ògógóró. Ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaró títí dé Agosasa àti Ìpókíà tó fẹ̀gbẹ́ ti ààlà Benin, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé ògùrọ̀ kaná, tí wọ́n ń gba oru rẹ̀ gba inú páìpù tútù, tí ó sì ń kán sílẹ̀ ní ògógóró. Lódìkejì ààlà, sódàbì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ní Ìgbẹsà, tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yewa, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ń fi pákí ṣe ethanol tó mọ́ lóló. Ọdún 2007 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà epo ewéko jáde, tí wọ́n fẹ́ kí ethanol jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá epo tí mọ́tò ń lò. Ṣùgbọ́n mímu àti jíjó nìkan kọ́ ni ethanol wúlò fún. Ohun èlò tí a lè sọ di nǹkan mìíràn ni, oríṣiríṣi nǹkan ni a sì lè sọ ọ́ dà.

Mólíkù rẹ̀, C₂H₅OH, kéré, àmọ́ ó ní ibi púpọ̀ tó ti lè já. Bí ó bá pàdánù háídírójìn méjì, ó di acetaldehyde. Bí ó bá pàdánù omi, ó di ethylene tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá àti ike. Bí mólíkù méjì bá jọ pàdánù omi kan ṣoṣo, wọ́n di diethyl ether. Bí ọ́síjìn bá wọ inú rẹ̀, ó di acetic acid, ásíìdì inú fínígà. Bí oru omi bá bá a pàdé nínú ooru gíga, tí ìsopọ̀ àárín kábọ́ọ̀nù rẹ̀ méjèèjì sì já, háídírójìn àti carbon dioxide ló ń kù. Bí mólíkù méjì bá so mọ́ra, wọ́n lè di butanol, tàbí butadiene tí a ń fi ṣe rọ́bà.

Kátálíìsì ló ń yan ọ̀nà tí ethanol yóò tọ̀. Òun ni ohun tí ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yá láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ tán nínú rẹ̀. Èyí tí orí yìí dá lé lórí ní apá méjì: èérún mẹ́táàlì tó kéré gan-an, bíi wúrà, bàbà, platinum tàbí nickel, àti ohun líle oníhò tí a tẹ́ èérún náà sí lára, tí a ó máa pè ní ibùjókòó. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa rò pé mẹ́táàlì nìkan ló ń ṣiṣẹ́, pé ibùjókòó kàn wà níbẹ̀ láti gbé e dúró ni. Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì ń ṣini lọ́nà. Bàbà kan náà, bí a bá gbé e lé silica, lé alumina, lé zirconia àti lé magnesia (ọ́ksáídì silicon, ti aluminium, ti zirconium àti ti magnesium), tí a sì mú ethanol kan náà kọjá lórí wọn, ohun tí yóò pọ̀ jù nínú ohun tó ń jáde yóò yàtọ̀ láti orí ọ̀kan sí èkejì.

Ìdí tí èérún fi gbọ́dọ̀ kéré, tí ó sì fi ń fẹ́ ibùjókòó

Ojú mẹ́táàlì ni ethanol ń fara kàn, kì í ṣe inú rẹ̀. Átọ́mù tó bá há sí àárín kò bá ethanol pàdé rárá, owó rẹ̀ sì ti ṣòfò. Ìṣirò díẹ̀ yóò fi èyí hàn kedere. Gíráàmù wúrà kan tí a dà bíi ṣúgà oníhóró ní ẹ̀gbẹ́ tó gùn tó mílímítà 3.7, gbogbo ojú rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò sì ju nǹkan bí 0.8 cm² lọ. Bí a bá pín gíráàmù kan náà sí èérún roboto tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nánómítà 2, ojú rẹ̀ á fẹ̀ tó 155 m². (Nánómítà kan ni ìdá kan nínú mílíọ̀nù mílímítà kan, a rí 155 yìí nípa pípín 6 pẹ̀lú iye tí a rí bí a bá sọ ìwúwo wúrà, 19.3 gíráàmù fún cm³ kan, di ìlọ́po fífẹ̀ èérún.) Nínú èérún tó fẹ̀ tó nánómítà 2, nǹkan bí ìdajì átọ́mù ló wà lójú, nínú èyí tó fẹ̀ tó nánómítà 10, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èérún kéékèèké kì í gbádùn dídá wà. Bí ooru bá kàn wọ́n, wọ́n ń lọ bá ara wọn, wọ́n sì ń di ńlá, bí ẹ̀kán epo kéékèèké ṣe ń wá ara wọn rí lójú omi ọbẹ̀. Òfin kan wà tí àwọn onímọ̀ fi ń díwọ̀n èyí. Bí ìwọ̀n ooru mẹ́táàlì, tí a fi kelvin kà, bá dé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìwọ̀n tí mẹ́táàlì náà fi ń yọ́, átọ́mù tó wà lójú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bí ó bá dé ìdajì, ti inú náà á máa rìn. Bàbà ń yọ́ ní 1,085 °C, ìyẹn 1,358 K. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 134 °C, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 406 °C. Nǹkan bí 200 °C sí 300 °C ni bàbà ti sábà ń gba háídírójìn lára ethanol, nítorí náà átọ́mù ojú rẹ̀ kò dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú kan ní gbogbo àkókò iṣẹ́ náà. Ti platinum sàn jù: 1,768 °C ni ó ń yọ́, ìdajì rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 750 °C.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ibùjókòó ń ṣe nìyẹn: ó ń ya èérún sọ́tọ̀ kí wọ́n má baà papọ̀. Ohun oníhò ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó tó lè ṣe é. Gíráàmù kan gamma-alumina, irú alumina tó kún fún ihò, sábà máa ń ní ojú tó fẹ̀ láti 100 m² sí 300 m², silica lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, èédú tí wọ́n ti fi ooru àti oru omi la ihò sí nínú sì lè kọjá 1,000 m². Ṣùgbọ́n fífẹ̀ nìkan kò tó. Ihò tó tín-ín-rín jù ń dí ethanol lọ́wọ́ láti wọlé, ó sì ń dí acetaldehyde lọ́wọ́ láti jáde. Èyí tó bá pẹ́ nínú ihò á sì tún yí padà sí ohun tí a kò fẹ́. Bí ojú ibùjókòó ṣe ń di mẹ́táàlì mú tún ṣe pàtàkì. Silica kò fi bẹ́ẹ̀ di wúrà mú, ìdí nìyẹn tí wúrà orí silica fi tètè ń di ńlá. Titania àti ceria, ọ́ksáídì titanium àti ti cerium, ní ihò kéékèèké níbi tí ọ́síjìn ti yọ kúrò lára wọn, ibẹ̀ sì ni èérún ń wá jókòó tí kò fi rọrùn láti ṣí.

Ìwà ásíìdì àti ìwà álíkálì

Iṣẹ́ kejì ló jinlẹ̀ jù, òun ni ó sì ń pinnu ohun tí yóò jáde. Ojú ibùjókòó fúnra rẹ̀ ní ìwà. Alumina ní ìwà ásíìdì: átọ́mù aluminium tó wà lójú rẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn tó pé máa ń fa ọ́síjìn ethanol mọ́ra, a sì máa já omi kúrò lára rẹ̀. Kò nílò mẹ́táàlì kankan láti ṣe èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni Vladimir Ipatieff ará Rọ́ṣíà àti Paul Sabatier ará Faransé, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1912, ti kẹ́kọ̀ọ́ bí oru ọtí ṣe ń yí padà lórí irú nǹkan báyìí. Lórí alumina, láti 300 °C sí 450 °C, ethylene ló ń jáde jù. Bí ooru bá relẹ̀, diethyl ether ló ń pọ̀. Iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ lásán kọ́ ni èyí mọ́: láti 2010 ni Braskem ti ń fi ethanol ìrèké ṣe ethylene ní Triunfo, ní ìhà gúúsù Brazil, nínú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ láti máa ṣe 200,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé bàbà lé alumina. Bàbà fẹ́ gba háídírójìn kí acetaldehyde lè jáde. Alumina fẹ́ gba omi kí ether àti ethylene lè jáde. Àwọn méjèèjì á jọ máa du ethanol kan náà, ohun àdàlù ni yóò sì wà nínú ìgò. Ẹni tó bá fẹ́ acetaldehyde nìkan gbọ́dọ̀ pa ìwà ásíìdì alumina náà, fún àpẹẹrẹ nípa fífi potassium díẹ̀ sí i, tàbí kí ó fi alumina sílẹ̀ kí ó gba silica, tí ojú rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìwà kankan. Lórí silica, bàbà a máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìsí ohun tó ń bá a du ethanol, acetaldehyde àti háídírójìn ló sì ń jáde jù.

Lórí zirconia, ọ̀rọ̀ tún yí padà. Ojú zirconia ní ásíìdì díẹ̀ àti álíkálì díẹ̀ nítòsí ara wọn. Acetaldehyde tí bàbà bá ṣe kì í tètè fò lọ. Ó ń dúró létí ibi tí ethanol mìíràn wà, àwọn méjèèjì á sì di ethyl acetate, ohun tí wọ́n fi ń po ọ̀dà àti àtè. Ọ̀nà yìí, láti ethanol lọ sí ethyl acetate láìfi acetic acid kún un, wúlò nílẹ̀ Áfíríkà pàápàá: Sasol kọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń lò ó sí Secunda ní South Africa, bàbà sì wà nínú kátálíìsì rẹ̀.

Magnesia ní tirẹ̀ jẹ́ álíkálì gidi. Ó ń yọ háídírójìn kúrò lára acetaldehyde, ó sì ń jẹ́ kí mólíkù méjì so mọ́ra, kábọ́ọ̀nù méjì á di mẹ́rin. Bí mẹ́táàlì tó wà lórí rẹ̀ bá dá háídírójìn tó gbà tẹ́lẹ̀ padà fún un, butanol ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó dára jù lọ lórí bí ìwà méjì ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́ ni rọ́bà àwọn ará Soviet. Sergei Lebedev, onímọ̀ kẹ́míkà ní Leningrad, rí ọ̀nà tí a fi lè mú oru ethanol kọjá lórí àdàlù kátálíìsì kí ó sì di butadiene ní ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo. Ní 1932 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Soviet bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rọ́bà lọ́nà yìí. Magnesia àti silica tí a pò mọ́ra ni ìran kátálíìsì náà tí wọ́n ṣì ń ṣèwádìí lé lórí jù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ pọ̀: ethanol á di acetaldehyde, acetaldehyde méjì á so mọ́ra, wọn á pàdánù omi, wọn á di crotonaldehyde, ethanol mìíràn á fún un ní háídírójìn, á di crotyl alcohol, èyí náà á tún pàdánù omi, á di butadiene. Ibi tí mólíkù méjì ti ń so ń fẹ́ álíkálì, ibi tí omi ti ń já ń fẹ́ ásíìdì. Bí ásíìdì bá pọ̀ jù, ethanol á ti di ethylene kí ó tó rìn jìnnà. Bí álíkálì bá borí, butanol ni yóò kún inú ìgò. Ibi tí ọ̀ràn ti sábà máa ń falẹ̀ ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, gbígba háídírójìn, ibẹ̀ sì ni èérún bàbà tàbí fàdákà ti ń wúlò nígbà tí wọ́n bá fi díẹ̀ sí orí àdàlù náà. Níhìn-ín, ibùjókòó ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́; mẹ́táàlì kàn ń ṣílẹ̀kùn fún un ni.

Etí tí mẹ́táàlì ti pàdé ibùjókòó

Ibì kan wà tí kì í ṣe ti mẹ́táàlì nìkan, tí kì í sì í ṣe ti ibùjókòó nìkan: etí èérún, níbi tó ti fara kan ohun tó jókòó lé. Wúrà ló jẹ́ kí aráyé fiyè sí i. Fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti ka wúrà sí mẹ́táàlì tí kì í bá ohunkóhun ṣe pọ̀. Ní 1987, Masatake Haruta àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi hàn pé wúrà tó kéré ju nánómítà mẹ́wàá lọ, tó jókòó lórí ọ́ksáídì irin tàbí ti cobalt, ń sọ carbon monoxide di carbon dioxide nínú òtútù tó relẹ̀ gan-an ju 0 °C lọ. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ethanol. Ibùjókòó bíi titania tàbí ceria ń mú ọ́síjìn wá sí etí wúrà, wúrà ń di ethanol mú, ìyípadà sì ń ṣẹlẹ̀ láàárín wọn. Ní 2006, àwọn onímọ̀ ní Denmark fi wúrà orí spinel, ọ́ksáídì tí magnesium àti aluminium jọ wà nínú rẹ̀, sọ ethanol inú omi di acetic acid, afẹ́fẹ́ lásán ló sì fún un ní ọ́síjìn. Bí èérún bá ṣe kéré sí i ni etí rẹ̀ ń gùn sí i ní ìfiwéra pẹ̀lú ìwúwo rẹ̀, ìdí mìíràn nìyẹn tí kíkéré fi ṣe pàtàkì.

Ṣùgbọ́n ìfarakanra yìí lè pọ̀ jù. Ní 1978, S. J. Tauster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Exxon gbé platinum àti àwọn mẹ́táàlì tó jọ ọ́ lé titania, wọ́n sì mú wọn gbóná nínú háídírójìn. Ní 200 °C, mẹ́táàlì ṣì ń di háídírójìn àti carbon monoxide mú bó ti yẹ. Ní 500 °C, agbára yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Kì í ṣe pé èérún ti di ńlá; ìwádìí tó tẹ̀ lé e ló fi hàn pé titania tó ti pàdánù ọ́síjìn ń yọ́ gun orí mẹ́táàlì, ó sì ń bò ó bí awọ tín-ín-rín. Bí ọ́síjìn bá kàn án, awọ náà á ká kúrò. Nítorí náà, ìwọ̀n ooru tí a fi múra kátálíìsì sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: kátálíìsì méjì tí a bù láti inú àpò kan náà lè yàtọ̀ síra pátápátá bí a bá mú ọ̀kan gbóná ju èkejì lọ.

Háídírójìn láti inú ethanol, àti èédú

Láti gba háídírójìn, oru omi ni a ń fi kún ethanol:

C₂H₅OH + 3H₂O → 2CO₂ + 6H₂

Nickel kò wọ́n láti rà, ó sì ń já ìsopọ̀ kábọ́ọ̀nù dáadáa, òun ni a sì sábà ń lò. Ọ̀tá rẹ̀ ni èédú. Lórí alumina, ásíìdì ibùjókòó ń sọ ethanol di ethylene, ethylene ń so mọ́ ara rẹ̀ títí yóò fi di kábọ́ọ̀nù dúdú, kábọ́ọ̀nù náà á sì bo nickel. Nígbà mìíràn ó ń hù bí okùn láti abẹ́ èérún, ó sì ń gbé nickel kúrò lórí ibùjókòó rẹ̀ pátápátá, títí páìpù á fi dí.

Ibùjókòó ni ìwòsàn rẹ̀ ti ń wá. Magnesia kò ní ásíìdì tí yóò ṣe ethylene. Lanthanum oxide ń gba carbon dioxide mọ́ra, ó ń di carbonate, carbonate náà sì ń bá èédú orí nickel jà títí yóò fi di gáàsì. Ceria ń fún èédú ní ọ́síjìn tirẹ̀, á sì tún gba òmíràn padà lọ́wọ́ omi. Ní 2004, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Minnesota fi rhodium orí ceria sọ ethanol, omi àti afẹ́fẹ́ di háídírójìn láàárín ìdá kéékèèké ìṣẹ́jú-àáyá. Èrè ibẹ̀ fún ilẹ̀ tí ethanol rẹ̀ ń ti oko jáde ni pé ethanol tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ tó fún iṣẹ́ yìí. A kò nílò láti náwó lé yíyọ gbogbo omi rẹ̀ kúrò.

Ohun tó wà nínú ilẹ̀ Yewa

Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a fi ń ṣe ibùjókòó ló wà nínú ilẹ̀ tí Agosasa, Ìlaró àti Ayétòrò jọ wà lórí rẹ̀. Agbègbè yìí jẹ́ apá ìlà-oòrùn àwo ilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ òkúta ń pè ní Dahomey Basin, tó na láti Ghana gba Togo àti Benin wọ Nàìjíríà. Díẹ̀ nínú àwọn ìpele rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ ìlú ní Ògùn: Ewékorò, tó kún fún òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò àti Ibese, Oshosun, tí phosphate wà nínú rẹ̀, àti Ilaro, tó jẹ́ yanrìn ní pàtàkì. Amọ̀ funfun, kaolin, náà wà ní oríṣiríṣi ibi ní ìpínlẹ̀ náà.

Kaolin ní silica àti alumina nínú pọ̀. Bí a bá sun ún ní nǹkan bí 600 °C sí 700 °C, ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ á tú, á wá lè bá álíkálì ṣe pọ̀, a sì lè sọ ọ́ di zeolite, ibùjókòó oníhò tó tò létòlétò. Abdulsalami Kovo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi kaolin Ahoko, láti ìpínlẹ̀ Kogi, ṣe zeolite Y àti ZSM-5, wọ́n sì tẹ ìwádìí náà jáde ní 2009. Phosphate àti òkúta ẹfun ń tọ́ka sí ọ̀nà mìíràn: hydroxyapatite, tí calcium inú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 1.67 phosphorus, ohun tó wà nínú egungun ẹran. Ó ní ásíìdì àti álíkálì pọ̀, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó dára jù fún sísọ ethanol di butanol. Bí a bá dín calcium rẹ̀ kù, ìwà ásíìdì á pọ̀, ethylene á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Igbá àgbọn àti èèpo líle tó yí ekùrọ́ ká, tí wọ́n ń dà nù nídìí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ekùrọ́, ń di èédú oníhò tó dára.

Kì í ṣe pé kí a kàn wà á kí a sì lò ó. Kaolin àti yanrìn a máa ní irin àti titanium nínú, irin náà á sì máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lórí ethanol tí a kò rán an. Sodium tó bá ṣẹ́kù láti inú álíkálì ń pa ásíìdì. Chloride tó bá ṣẹ́kù láti inú iyọ̀ wúrà ń mú kí èérún wúrà tètè papọ̀. Fífọ̀ àti wíwọ̀n ló ń gba àkókò jù nínú iṣẹ́ yìí.

Bí a ṣe ń gbé mẹ́táàlì lé ibùjókòó, àti ọ̀ràn omi

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni kí a yọ́ iyọ̀ mẹ́táàlì sínú omi, kí a jẹ́ kí ibùjókòó mu ún, kí a gbẹ ẹ́, kí a sun ún, kí a sì fi háídírójìn sọ iyọ̀ náà di mẹ́táàlì. Ibùjókòó tún ní ọ̀rọ̀ láti sọ níhìn-ín. Gbogbo wọn ní pH kan tí iná mànàmáná kò sí lójú wọn: ti silica jẹ́ nǹkan bí 2, ti titania nǹkan bí 6, ti alumina nǹkan bí 8. Nísàlẹ̀ pH yìí, ojú wọn ń fa ohun oníná òdì. Lókè rẹ̀, ó ń tì í jìnnà. Iyọ̀ wúrà tí a sábà ń lò jẹ́ oníná òdì, nítorí náà alumina àti titania ń gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ nínú omi tí kò ní ásíìdì púpọ̀, silica sì ń kọ̀ ọ́.

Ohun tó kù ni omi. Ọtí pákí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan kì í sábà ju nǹkan bí ethanol 10 nínú 100 lọ, dídáná sí i lọ́nà tó wọ́pọ̀ kò sì lè mú un kọjá 95.6 nínú 100 ní ìwọ̀n. Ibùjókòó tó bá máa bá irú ethanol yìí lò gbọ́dọ̀ fara da omi gbígbóná. Nínú omi ṣíṣàn tó gbóná kọjá 200 °C, gamma-alumina ń di boehmite, irú alumina tí omi ti wọ inú ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀: ihò rẹ̀ ń pa dé, mẹ́táàlì sì ń rì sínú rẹ̀. Silica ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Èédú oníhò kò bẹ̀rù omi, àmọ́ kò ṣeé fọ̀ mọ́ nígbà tí kábọ́ọ̀nù bá bo mẹ́táàlì, nítorí pé iná tí yóò jó ìdọ̀tí yóò jó ibùjókòó pẹ̀lú. Zirconia àti titania ń fara da omi àti iná pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wọn kò fẹ̀ tó ti èédú. Fún ethanol tí omi rẹ̀ pọ̀, àwọn ni a sábà máa kọ́kọ́ dán wò.